Lee Nan-young: Ìyá ọlọ́mọ méje tó la ọ̀nà fún orin Kòríà kí ayé tó gbọ́ K-pop

Lọ́dún 1963, obìnrin kan tó ti lé lógójì ọdún bọ́ sórí ìtàgé ètò tẹlifíṣàn Ed Sullivan ní Amẹ́ríkà. Ọmọbìnrin mẹ́ta ló dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Méjì nínú wọn jẹ́ ọmọ bíbí inú rẹ̀, ẹ̀kẹta sì jẹ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin. Orin ẹ̀mí kan tó ṣẹ̀ wá láti ọ̀dọ̀ àwọn ẹrú aláwọ̀ dúdú ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni wọ́n jùmọ̀ kọ lálẹ́ ọjọ́ náà.

Lójú ọ̀pọ̀ ará Amẹ́ríkà tó ń wò wọ́n, ìyá àwọn Kim Sisters lásán ni obìnrin yìí. Àwọn ọmọ ni wọ́n mọ̀ bí ẹni mowó, wọn kò mọ ìyá.

Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ Kòríà, ohùn rẹ̀ ti gbilẹ̀ láti nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn. Lee Nan-young ni orúkọ rẹ̀. Òun ló kọ orin tí àwọn ará Kòríà fi ń sunkún nígbà tí ìjọba Japan ń jẹ gàba lé wọn lórí.

Lónìí, orin àti eré Kòríà ti gba gbogbo ayé kan. Ẹgbẹ́ BTS gba ipò kìíní lórí àtẹ àwo orin Billboard ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2018, wọ́n sì di ẹgbẹ́ K-pop àkọ́kọ́ tí wọ́n yàn mọ́ àwọn olùdíje fún àmì ẹ̀yẹ Grammy. Lọ́dún 2022, òṣèré Lee Jung-jae gba àmì ẹ̀yẹ Emmy fún ipa tó kó nínú Squid Game. Ní Nàìjíríà pàápàá, àwọn ọ̀dọ́ ń kọrin, wọ́n sì ń jó nínú ìdíje K-pop tí ilé àṣà Kòríà máa ń gbé kalẹ̀ ní Àbújá.

Ọ̀pọ̀ ló gbà pé nǹkan tuntun ni gbogbo èyí: ọmọdé tí wọ́n fi ọdún pípẹ́ kọ́ ní orin àti ijó, ẹgbẹ́ olórin obìnrin, orin èdè àjèjì, àti ìrìnàjò lọ sí Amẹ́ríkà láti lọ wá ọjà. Kò sí ọ̀kan nínú rẹ̀ tí Lee Nan-young kò ti ṣe. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé kì í ṣe ilé iṣẹ́ olówó ńlá ló rán an níṣẹ́. Ebi ni.

Ta ni Lee Nan-young?

Ọjọ́ kẹfà, oṣù Kẹfà, ọdún 1916 ni wọ́n bí i ní Mokpo, ìlú èbúté kan ní gúúsù ìwọ̀ oòrùn Kòríà. Lee Nan-young kọ́ ni orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́. Orúkọ orí ìtàgé ni, òun sì ni gbogbo ayé wá mọ̀ ọ́n sí.

Ọdún kẹfà rèé tí Japan ti gba ilẹ̀ Kòríà pátápátá lọ́dún 1910. Mokpo wà lára àwọn èbúté tí wọ́n ti ń kó ìrẹsì àti òwú àwọn àgbẹ̀ Kòríà lọ sí Japan. Ọmọ Mokpo a máa rí ọkọ̀ ojú omi tó kún fún oúnjẹ tó ń lọ, nígbà tí ìkòkò ilé tirẹ̀ ṣófo.

Ilé tálákà ni wọ́n bí Nan-young sí. Nǹkan kò rọgbọ láàárín bàbá àti ìyá rẹ̀, ìyá náà sì fi ìlú sílẹ̀ lọ ṣiṣẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ ní erékùṣù Jeju. Ọmọbìnrin náà kò lè parí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo tí òṣì kò lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ni ohùn. Ìgbà tí kò tíì pé ọmọ ogún ọdún ló darapọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ eléré orí ìtàgé kan tó ń ti ìlú dé ìlú. Lọ́dún 1933, rẹ́kọ́ọ̀dù rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde. Láàárín ọdún náà kan náà ni ilé iṣẹ́ Okeh, tó wà lára àwọn ilé iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù tó lókìkí jùlọ ní Kòríà nígbà náà, mú un mọ́ra.

Orin tí ìdíje bí

Lọ́dún 1935, ilé iṣẹ́ Okeh àti ìwé ìròyìn Chosun Ilbo gbé ìdíje kan kalẹ̀. Wọ́n ní kí àwọn ará ìlú kọ ọ̀rọ̀ orin nípa ìlú ìbílẹ̀ wọn ránṣẹ́. Ọmọ Mokpo kan, Mun Il-seok, wà lára àwọn tó yege. Son Mok-in ló gbé ohùn orin náà kalẹ̀. Nígbà tí wọ́n wá ẹni tí yóò kọ ọ́, ọmọ Mokpo náà ni wọ́n fà á lé lọ́wọ́.

Omijé Mokpo ni orúkọ orin náà. Bí èèyàn bá gbọ́ ọ lókèèrè, orin obìnrin tó ń dágbére fún olólùfẹ́ rẹ̀ ní èbúté ni. Àmọ́ ẹni tó bá tẹ́tí sílẹ̀ dáadáa yóò gbọ́ nǹkan mìíràn.

Nínú rẹ̀ ni wọ́n ti dárúkọ àpáta Nojeokbong tó wà lórí òkè Yudal ní Mokpo. Ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé nígbà tí Japan gbógun ti Kòríà láàárín ọdún 1592 sí 1598, ọ̀gágun ojú omi Yi Sun-sin fi koríko gbígbẹ bo àpáta náà. Àwọn ọ̀tá rò pé òkìtì oúnjẹ àwọn ọmọ ogun ni, àyà wọn sì já. Orin náà wá sọ nípa ìbínú ọ̀ọ́dúnrún ọdún tí àpáta yìí gbé sínú. Kò sí ará Kòríà tí kò mọ ẹni tí ìbínú náà ń bá wí.

Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba Japan a máa yẹ orin wò kó tó jáde. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n tẹ ọ̀rọ̀ orin náà sínú ìwé, wọ́n yí lẹ́tà ibẹ̀ padà sí ọ̀rọ̀ mìíràn tí ìró rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti àkọ́kọ́ dọ́gba. Ojú tó ń kà á kò rí ẹ̀sùn kankan. Etí tó ń gbọ́ ọ mọ ohun tí wọ́n ń sọ.

Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni Nan-young nígbà tí orin yìí tàn kálẹ̀. Ohùn rẹ̀ jẹ́ ohùn tó máa ń gbọ̀n díẹ̀ bíi ti ẹni tó ti sunkún tán. Wọ́n kọ ọ́ ní ọjà, wọ́n kọ ọ́ ní ilé ọtí, àwọn ará Kòríà tó ń ṣe làálàá ní ilẹ̀ Japan náà ń kọ ọ́. Òun fúnra rẹ̀ tún kọ ọ́ sórí rẹ́kọ́ọ̀dù ní èdè Japan, pẹ̀lú orúkọ Japan tí wọ́n fún un.

Ọkọ, ẹgbẹ́ àti ogun

Nan-young fẹ́ Kim Hae-song, olórin tó tún mọ bí a ṣe ń gbé orin kalẹ̀. Ọkùnrin yìí fẹ́ràn orin jazz àti blues tí àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà dá sílẹ̀. Lọ́dún 1939, ó ṣe orin kan fún ìyàwó rẹ̀ tí ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀ jẹ́ Àlá Aláwọ̀ Búlúù ti Ilé Tíì. Ohùn tó ti ń sunkún Mokpo wá ń kọ blues, kò sì ṣàjèjì lẹ́nu rẹ̀.

Láàárín àkókò yẹn náà ni ilé iṣẹ́ Okeh kó àwọn olórin obìnrin rẹ̀ tó lókìkí jọ sábẹ́ orúkọ Jeogori Sisters. Jeogori ni orúkọ bùbá àwọn ará Kòríà. Nan-young àti Jang Se-jeong wà lára wọn. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kọ ìtàn orin Kòríà ló ka ẹgbẹ́ yìí sí ẹgbẹ́ olórin obìnrin àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ náà. Wọ́n ń kọrin, wọ́n ń jó, wọ́n sì rìnrìn àjò ṣeré dé Japan.

Lọ́dún 1942, ó tún kọ orin mìíràn nípa ìlú rẹ̀, Mokpo Ìlú Èbúté, ìyẹn náà sì di àyànfẹ́ àwọn èèyàn.

Àmọ́ kì í ṣe gbogbo ohun tó kọ nígbà náà ni àwọn èèyàn rẹ̀ ń fi yangàn. Bí Ogun Àgbáyé Kejì ṣe ń gbóná, ìjọba Japan fẹ́ kí àwọn olórin máa fi orin gbé ogun rẹ̀ lárugẹ, ohùn Nan-young àti iṣẹ́ ọkọ rẹ̀ sì wà nínú irú orin bẹ́ẹ̀. Àríyànjiyàn lórí ohun tí àwọn olórin ìgbà náà ṣe kò tíì parí ní Kòríà títí di òní.

Lọ́dún 1945, Japan pàdánù ogun, Kòríà sì gba òmìnira. Kim Hae-song dá ẹgbẹ́ olórin tirẹ̀, KPK, sílẹ̀. Wọ́n ń ṣeré fún àwọn ará ìlú, wọ́n sì ń ṣe fún àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà tó wà ní Seoul. Ó jọ pé ìyà ti tán.

Ọdún 1950: Ọkọ lọ, kò padà

Ọmọ méje ló wà nílẹ̀ nígbà tí ogun láàárín Àríwá àti Gúúsù Kòríà bẹ́ sílẹ̀ ní oṣù Kẹfà, ọdún 1950. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, àwọn ọmọ ogun Àríwá ti gba Seoul. Wọ́n mú Kim Hae-song, ẹni tó ń kọrin fún àwọn ará Amẹ́ríkà. Wọ́n kó o lọ sí Àríwá, ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀ kò sì fojú kàn án mọ́.

Nan-young di opó láìrí òkú ọkọ sin. Ilé wọn bàjẹ́ nínú ogun. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni, ọmọ méje sì ń wo ojú rẹ̀ fún oúnjẹ.

Iṣẹ́ kan ṣoṣo ló mọ̀. Ó gba àgọ́ àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà lọ, ó ń kọrin fún wọn. Owó kọ́ ni wọ́n fi ń san án nígbà púpọ̀. Ìgò ọtí wisikí ni wọ́n máa ń fún un, yóò gbé e lọ sí ọjà fàyàwọ́, yóò sì fi gba ìrẹsì.

Olórin tí gbogbo Kòríà ń pariwo orúkọ rẹ̀ wá ń fi ìgò ọtí dúnàádúrà ìrẹsì ọmọ. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́.

Báwo ló ṣe kọ́ Kim Sisters?

Nan-young rí i pé ohùn òun nìkan kò lè bọ́ ilé. Ó rí i pẹ̀lú pé orin tí àwọn ọmọ ogun àjèjì náà mọ̀ láti ilé wọn ló máa ń mú inú wọn dùn jù. Ó wá àwọn rẹ́kọ́ọ̀dù Amẹ́ríkà rà ní ọjà, ó sì pe àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ jókòó.

Sook-ja, Ai-ja, àti Min-ja tó jẹ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Lee Bong-ryong, ló wá di Kim Sisters. Ọmọdé ni gbogbo wọn nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ dúró níwájú àwọn ọmọ ogun lọ́dún 1953. Wọn kò gbọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì rárá. Ìró ọ̀rọ̀ ni wọ́n há sórí, ọ̀rọ̀ kan tẹ̀lé òmíràn, láìmọ ìtumọ̀ rẹ̀.

Ìyá náà kò gba gbẹ̀rẹ́. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń kọ́ orin. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, tó ṣọ̀wọ́n bí ojú ní Kòríà lákòókò ogun, ló fi ń tan àwọn ọmọ náà. Ẹni tó bá mọ orin rẹ̀ ni yóò jẹ ẹ́, ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n yóò máa wò ó. Nígbà tí àwọn ọmọ náà sì dé iwájú àwọn ọmọ ogun, wọ́n kọrin débi pé ariwo àti àtẹ́wọ́ bo gbogbo àgọ́.

Lẹ́yìn orin, ó kan ijó. Lẹ́yìn ijó, ó kan ohun èlò orin. Nan-young mọ̀ pé olórin tó ní ohùn pọ̀, àmọ́ ọmọdébìnrin tó lè kọrin, tó lè jó, tó sì lè gbé ohun èlò kan sílẹ̀ kó gbé òmíràn, ìyẹn kò wọ́pọ̀. Nígbà tó yá, ohun èlò tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè lò lé ní mẹ́wàá, láti orí ti Kòríà títí dé orí ti òyìnbó.

Àwọn tó mọ bí àwọn ilé iṣẹ́ K-pop òde òní ṣe ń kọ́ ọmọdé yóò rí i pé ọ̀nà kan náà ni. Ilé opó kan ní Seoul ni ilé ẹ̀kọ́ náà, ìyá sì ni olùkọ́, òun náà ni alákòóso.

Bí Kim Sisters ṣe dé Amẹ́ríkà

Òkìkí àwọn ọmọ náà ti ẹnu àwọn ọmọ ogun dé etí Tom Ball, ẹni tó ń gbé eré orí ìtàgé kalẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ó wá wò wọ́n, ó sì bá wọn ṣe àdéhùn. Ní oṣù Kíní, ọdún 1959, Kim Sisters gúnlẹ̀ sí Las Vegas láti ṣeré ní ilé ìtura Thunderbird.

Kí wọ́n tó wọ ọkọ̀ òfuurufú, ìyá wọn ti ṣòfin fún wọn. Wọ́n gbọ́dọ̀ máa wà pa pọ̀ nígbà gbogbo, wọn kò sì gbọ́dọ̀ ní ọ̀rẹ́kùnrin. Ó mọ̀ pé ọjọ́ tí ọ̀kan nínú wọn bá bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ, ẹgbẹ́ náà tú ká nìyẹn. Ìgbésí ayé àwọn tó ṣẹ́kù nílé sì wà lọ́rùn ẹgbẹ́ náà.

Kí ọdún náà tó parí, wọ́n ti dé orí ètò Ed Sullivan, tí ọ̀pọ̀ ẹbí ní Amẹ́ríkà máa ń jókòó wò lálẹ́ ọjọ́ Àìkú. Elvis Presley ti kọrin níbẹ̀ ṣáájú wọn, àwọn Beatles sì kọrin níbẹ̀ lẹ́yìn wọn. Àwọn ọmọ Nan-young padà síbẹ̀ ju ogún ìgbà lọ. Bí èyí ṣe ń lọ, wọ́n ń fi owó ránṣẹ́ sílé, ní àkókò tí Kòríà wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tó tòṣì jù lágbàáyé.

Kò sí ẹgbẹ́ olórin Kòríà kankan tó ti ṣe irú rẹ̀ rí.

Àwọn ọdún tó kẹ́yìn

Nan-young kò bá wọn lọ. Ní Seoul, ó ń gbé pẹ̀lú Nam In-su, gbajúmọ̀ olórin tí àwọn méjèèjì ti jọ wà ní Okeh tipẹ́. Ikọ́ ife ń bá ọkùnrin náà jà. Nan-young tọ́jú rẹ̀ títí ó fi kú lọ́dún 1962. Ìgbà kejì rèé tí yóò pàdánù ẹni tó fẹ́ràn.

Lẹ́yìn ìyẹn ló lọ kí àwọn ọmọ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, tó sì bá wọn kọrin lórí tẹlifíṣàn lọ́dún 1963. Àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ náà ti di olórin, Kim Boys ni wọ́n ń pè wọ́n, àwọn náà sì bá Amẹ́ríkà lọ. Iṣẹ́ tí ìyá bẹ̀rẹ̀ nítorí ìrẹsì ti di ilé iṣẹ́ ẹbí.

Ó lo oṣù díẹ̀ níbẹ̀, ó sì padà sí Seoul. Ọjọ́ kọkànlá, oṣù Kẹrin, ọdún 1965 ló dágbére fáyé. Ọmọ ọdún méjìdínláàádọ́ta ni.

Yorùbá ní ẹni ọmọ sin ló bímọ. Àwọn ọmọbìnrin tó fi orin tọ́ wà ní òdìkejì ayé, níbi tí òun fúnra rẹ̀ rán wọn lọ. Ọdún 1970 ni Kim Sisters tó padà sí Seoul fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti lọ. Ogunlọ́gọ̀ èèyàn ló wá wo eré wọn. Ìyá wọn ti lo ọdún márùn-ún nínú ibojì.

Ẹ̀yẹ tó dé lẹ́yìn ikú

Àwọn àmì ẹ̀yẹ ńláńlá tí àwọn olórin Kòríà ń gbà lónìí kò tíì sí nígbà ayé Nan-young. Ọdún 1986 ni Golden Disc tó lókìkí ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ìdíje tó bí orin rẹ̀, ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ orin ló yege níbẹ̀, kì í ṣe òun.

Àwọn ará ìlú ló fún un ní ẹ̀yẹ tiwọn. Lọ́dún 1969, wọ́n gbé òkúta ìrántí kan kalẹ̀ lórí òkè Yudal ní Mokpo, wọ́n sì gbẹ́ Omijé Mokpo sí i lára. Òun ni wọ́n kà sí òkúta ìrántí àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe fún orin ìgbàlódé ní Kòríà. Wọ́n tún dá ìdíje orin kan sílẹ̀ ní Mokpo tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè, kí àwọn olórin tuntun lè ti ibẹ̀ yọjú.

Orin náà kò dúró sójú kan. Lọ́dún 1980, àwọn ọmọ ogun pa ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń béèrè fún ìjọba tiwantiwa ní Gwangju, ìlú ńlá tí kò jìnnà sí Mokpo. Ní àwọn ọdún tó tẹ̀lé e, nígbà tí ọ̀rọ̀ òṣèlú ń ba àwọn èèyàn lẹ́rù, àwọn olólùfẹ́ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù baseball Haitai Tigers ti ìlú náà a máa kọ Omijé Mokpo ní pápá ìṣeré. Orin tó bá ìran kan dárò lábẹ́ àwọn Japan tún wá bá àwọn ọmọ wọn dárò lábẹ́ ìjọba ológun.

Títí di òní, wọ́n ṣì máa ń kọ ọ́ lórí Gayo Mudae, ètò orin àtijọ́ tí tẹlifíṣàn KBS ti ń gbé jáde láti ọdún 1985.

Lọ́dún 2006, wọ́n hú egungun Nan-young ní itẹ́ òkú tó wà ní Paju, nítòsí Seoul, wọ́n sì gbé e padà sí Mokpo. Wọ́n sin ín sí abẹ́ igi kan ní Samhakdo, létí òkun.

Láti ibẹ̀, èèyàn lè wo òkè Yudal àti èbúté tí àwọn ọkọ̀ ìrẹsì ti ń gbéra nígbà èwe rẹ̀. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún tó ti fi ìlú náà sílẹ̀ láti lọ kọrin jẹun.